Ewé Tí Mo Fi Lélẹ̀ fún Adéṣuyì

Ẹ̀yin ọdẹ Òkè-Ìṣin, mo gbọ́ kíkùn yín lánàá. Etí mi kò tíì di. Nígbà tí a gbé ẹrù ọdẹ Adéṣuyì dé oríta igbó, tí a kó àpò rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ àti ẹ̀wù tó fi ń ṣọdẹ sí ìdí igi gẹ́gẹ́ bí àṣà wa fún ọdẹ tó bá kú, èmi ni mo já ewé, èmi ni mo sì fi í lélẹ̀ láti fi ọ̀nà han òkú. Mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú yín ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, “Ọ̀fọ̀ ti da orí bàbá yìí rú. Ojú ọ̀nà tí kò yẹ ló fi ewé sí.” N kò dá a lóhùn lánàá, nítorí a kì í fa ọ̀rọ̀ níwájú ẹrù òkú. Adéṣuyì ló kọ́ ìdajì yín níṣẹ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kùn. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi kó mu ún nísinsìnyí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde láàrin ọ̀rọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n rò fún mi. Bí mo bá parí, kí ẹni tó kùn lánàá wá tún un kùn lójú mi.

Ẹ mọ̀ mí. Ọdẹ́jìnmí ni mí, Àmọ̀ó ni oríkì mi. Ẹfọ̀n mẹ́ta ló ti ọwọ́ mi lọ. Ẹkùn kan wò mí ní ọ̀sán gangan títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò ní í sọ ti àwọn wọ̀nyẹn lónìí. Igbó kan wà tí mo wọ̀ tí ìbọn mi kò ró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀, síbẹ̀ òun ni mo máa ń rántí jù.

Adéṣuyì kì í ṣe ọmọ ìlú yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí i sí, ìyàwó ló bá wá sí Òkè-Ìṣin, ó sì fìdí kalẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a jọ fẹnu kò lé lórí, àfi bí ebi bá ń pa wá. Mo ní ejò ń gbọ́ràn. Ó ní kò ní etí, kí ló fẹ́ fi gbọ́? Kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀, ọdún mọ́kànlá gbáko ni a ti fi jiyàn ejò nìkan. Nígbà ìdìbò, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ tèmi ọ̀tọ̀. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ní. Mo gùn ún lọ, ó jókòó sẹ́yìn mi; ó gùn ún bọ̀, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó dìbò tirẹ̀, mo di tèmi, ìbò wa pa ara wọn, ó wá dà bí ẹni pé a kò kúrò nílé. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ méjèèjì ló bínú sí wa. Wọ́n ní irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn? A kò dá wọn lóhùn, nítorí a ti ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ẹ̀yìn.

Èyí tó le jù ni ti iwin. Mo ní iwin wà nínú igbó. Bàbá mi rí wọn, èmi náà rí wọn. Adéṣuyì ní kò sí. Ó ní ebi àti àìsùn ni ọdẹ ń rí tó ń pè ní iwin. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ rí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ rí? Ẹni tó ń wọ igbó tí kò gbà pé igbó ní olùgbé, ó dà bí ẹni tó wọ ilé onílé tó ní kò sí baálé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, “Àmọ̀ó, bí baálé bá wà, kó jáde kí n kí i.” Bákan náà, bàbá mi kọ́ mi pé a kì í pe orúkọ ẹni nínú igbó, bí ohùn kan bá sì pe tẹni, a kì í dáhùn, nítorí a kò mọ ẹni tó ń pè. Adéṣuyì ní òmùgọ̀ ni ẹni tí wọ́n pè tí kò dáhùn.

Ti ewé ló kù, ẹ sì fi ọkàn sí i, nítorí òun ni kókó. Bí ọdẹ méjì bá jọ wọ igbó, tí ọ̀kan bá ṣáájú, ẹni tó ṣáájú a máa já ewé lélẹ̀ ní oríta kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tó gbà. Nílé bàbá mi, ojú ọ̀nà tí a kò gbà ni a ń fi ewé sí. Ewé ni ìlẹ̀kùn; ibi tí o bá ti rí i, má wọlé. Nílé bàbá Adéṣuyì, ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà ni wọ́n ń fi í sí. Ewé ni ẹsẹ̀. Ibi tí o bá ti rí i, tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ ṣọdẹ ni a ti rí i pé ọ̀rọ̀ wa kò bára mu. A jókòó sí oríta náà láti àárọ̀ títí òòrùn fi yí, a ń jiyàn, èkùlù kan kọjá níwájú wa, kò sí ẹni tó gbé ìbọn. Mo ní ta ní í fi ìlẹ̀kùn sí ibi tí ó fẹ́ kí àlejò gbà? Ó ní ta ní í lọ sí ọ̀tún tí yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní òsì? Kò gbà fún mi, n kò gbà fún un. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: bí ó bá ṣáájú, ó ń fi ewé lélẹ̀ bíi ti ilé bàbá rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun ni, bí mo bá ṣáájú, mo ń fi í lélẹ̀ bíi ti ilé bàbá mi, ó sì mọ̀ pé èmi ni. Ọdún mọ́kànlá, a kò sọ ara wa nù rí.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ní àárín òjò, odò Ẹ̀lú dákẹ́. Kì í ṣe pé ó fà. Ó dákẹ́ ni. Ní ọjọ́ kan ó ń ṣàn, ní ọjọ́ kejì àpáta ni a rí. Òjò ń rọ̀, omi kò sí lódò. Kànga kò sí ní Òkè-Ìṣin nígbà náà. Àwọn obìnrin ń gbé ìkòkò sí abẹ́ òrùlé, inú sì ń run àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nítorí omi ẹrẹ̀. Baálẹ̀ pe àwa méjèèjì, ó ní kí a tọ odò náà lọ sókè, kí a lọ wo ohun tó mú un. Mo ní iwin ló dì í mú. Adéṣuyì ní igi ló wó dí i. Baálẹ̀ ní, “Bó ṣe igi, bó ṣe iwin, omi ni mo fẹ́.”

Ọjọ́ méjì ni a fi rìn, n kò ní í fi ìrìn dà yín láàmú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì a dé ibi tí àpáta méjì ti sún mọ́ra bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí díẹ̀. Àárín àpáta méjèèjì yìí ni odò Ẹ̀lú ti máa ń já wálẹ̀. Ohun kan jókòó síbẹ̀. Ewédò hù sí ẹ̀yìn rẹ̀, ewé igbó hù sí èjìká rẹ̀, ìdí rẹ̀ di ojú àpáta méjèèjì pinpin, omi sì ti gbára jọ sẹ́yìn rẹ̀ bí adágún. Etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó ewé kókò, wọ́n ń gbọ̀n. Bí ẹyẹ bá ké, wọ́n á gbọ̀n. Bí èso bá já bọ́, wọ́n á gbọ̀n. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn láti ọdún tó kọjá.

Mo dọ̀bálẹ̀. Adéṣuyì kò dọ̀bálẹ̀, ó kàn tẹ orí ba. Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí pé, “Bàbá arúgbó yìí ń ṣàìsàn.”

Mo ní, “Iwin ni.”

“Kò sí iwin. Wo ojú rẹ̀. Àìsùn ni.”

“Adéṣuyì, ewédò wà lẹ́yìn rẹ̀!”

“Bí ìwọ náà bá jókòó sínú omi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ni yóò hù lẹ́yìn rẹ?”

Etí méjèèjì gbọ̀n títí, ohun náà bo ojú, ó sì kérora tó bẹ́ẹ̀ tí àyà mi fi mọ̀ ọ́n lára ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn, mo bẹ̀ yín. Kí ló ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru tí kò ní ẹnu?”

Mo dáhùn láti ilẹ̀ tí mo wà, mo ní, “Odò ni, Bàbá.”

“Odò ni. Ọdún mélòó ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́ kí n sùn? Ìgbà tí kò gbọ́, mo jókòó lé e. Ó wá ku èkejì. Kí ló ní ẹnu méjì, tí ọ̀kan ń ní bẹ́ẹ̀ ni, tí èkejì ń ní bẹ́ẹ̀ kọ́, tí mo sì ti ń gbọ́ bọ̀ láti àná?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Àwa ni, Bàbá.”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ gbọ́ ẹ̀kẹta. Ariwo méjì wọ ilé ẹni tí ó lè gba ẹyọ kan. Kí ni onílé yóò ṣe?”

Mo ronú, mo ní, “Yóò lé ọ̀kan jáde.”

“O gbọ́n. Mo lè gba ariwo kan, n kò lè gba méjì, tiyín sì burú ju ti odò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ omi yín, ẹ fi iyàn yín sílẹ̀ fún mi níhìn-ín. Kí ẹ̀yin méjèèjì má tún ta ko ara yín mọ́. Bí mo bá tún gbọ́ ‘irọ́ ni’ lẹ́nu ọ̀kan sí èkejì, mo padà jókòó.”

Adéṣuyì sún síwájú. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ nípa etí yín yẹn.” Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Mo ní, “Pa ẹnu dé! A kì í bá iwin sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Ó ti dá iye, a ti gbọ́. Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ máa mu ẹrẹ̀ ni?” Ó wò mí pẹ́. Ó fẹ́ fèsì, ó gbé e mì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo rò pé ẹnu lásán ni mo pa dé, n kò mọ̀ pé ìdáhùn wà lẹ́yìn eyín rẹ̀.

Bí a ṣe ṣe àdéhùn náà nìyí. Mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi, mo ní, “Adéṣuyì, ìwọ lo jàre. Kò sí iwin.” Iwin wà níwájú mi tí mò ń sọ ọ́. Adéṣuyì ní, “Rárá o, ìwọ lo jàre. Iwin wà.” Mo ní ejò kò gbọ́ràn, ó ní ó ń gbọ́ràn dáadáa. Mo ní bí bàbá rẹ̀ ti ń fi ewé lélẹ̀ ló dára jù. Ó ní ti bàbá mi ló dára jù. Ohun náà, tí mo sọ ní Baba Elétí láti ọjọ́ yẹn, ń gbọ́, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Nígbà tí a parí, ó dìde díẹ̀díẹ̀, omi odò Ẹ̀lú sì já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára tí n kò tíì rí irú rẹ̀.

Ó yẹ kí inú wa dùn. A ń padà bọ̀ wálé, a ń rìn létí odò, n kò sì tíì rin ìrìn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Mo ní, “Ojú ọjọ́ dára.” Ó ní, “Ó dára.” Mo ní, “Ó jọ pé òjò yóò rọ̀.” Ó ní, “Yóò rọ̀.” Mo wò ó bóyá yóò ní kí ni mo mọ̀ nípa òjò. Kò sọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri, tí kò bá ògiri. Ahọ́n àti eyín ń jà nínú ẹnu kan, a kò sì tíì gbọ́ pé wọ́n pín ilé. Àwa tí a kò jà mọ́ yìí ni a di àlejò sí ara wa.

Nígbà tó yá, mo rántí pé mo ti gbàgbé àdá mi síbi àpáta. Tó bá jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá, Adéṣuyì ì bá bú mi, ì bá ní orí mi ni mo gbàgbé, ì bá sì tẹ̀ lé mi padà kó lè máa bú mi lọ. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní, “Máa lọ díẹ̀díẹ̀, màá bá ọ.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ó sì lọ.

Mo gbé àdá mi, mo yára padà. Omi ti kún bo ọ̀nà etí odò, nítorí náà Adéṣuyì ti gba inú igbó. Mo dé oríta àkọ́kọ́, mo rí ewé ní ojú ọ̀nà ọ̀tún. Mo ní ọ̀rẹ́ mi nìyí, ewé rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gba ọ̀tún. Mo rìn títí n kò bá ẹnikẹ́ni. Mo dé oríta mìíràn, kò sí ewé níbẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Bàtà táyà ni Adéṣuyì máa ń wọ̀, àmì rẹ̀ kì í ṣini lójú. Kò sí àmì bàtà kankan. Mo sáré padà sí oríta àkọ́kọ́, mo wo ọ̀nà òsì tí kò sí ewé níbẹ̀. Àmì bàtà táyà ló wà nílẹ̀ gbàgàdà.

Mo jókòó sórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin ọdẹ, ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ti fi ewé lélẹ̀ bíi ti ilé bàbá mi. Ó ti gbà fún mi, ó sì ń pa àdéhùn mọ́. Èmi náà ti gbà fún un, mo sì ka ewé bíi ti ilé bàbá rẹ̀. Ìgbà tí a kò gbà fún ara wa, a kò ṣìnà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìfẹ́ wá mú kí olúkúlùkù wa ju tirẹ̀ sílẹ̀ di ti ẹnì kejì mú, ó lọ sí òsì, mo lọ sí ọ̀tún.

Mo gba òsì. Ọ̀nà yẹn ń dà lọ sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀, omi odò sì ti ń yọ́ wọ inú igbó, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Bí mo ti ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ rẹ̀, “Adéṣuyì! Adéṣuyì o!” Èmi tí bàbá mi kọ́ pé a kì í pe orúkọ nínú igbó, mo ti gba ẹ̀kọ́ Adéṣuyì, mò ń pariwo. Kò sí ìdáhùn. Mo dúró, mo tẹ́tí. Omi nìkan ni mò ń gbọ́. Mo rí fìlà rẹ̀ tó há sára ẹ̀gún, lẹ́yìn fìlà náà n kò rí nǹkan kan mọ́ àfi koríko.

Mo pè é ní ìgbà méje. Lẹ́yìn èkeje ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Adéṣuyì ti gba ẹ̀kọ́ tèmi! Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nínú igbó kì í dáhùn. Bí ó bá wà ní ibikíbi nítòsí, ó ń gbọ́ mi, ó sì ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nítorí mi.

Mo mọ àdéhùn. Mo mọ ohun tí Baba Elétí sọ. Mo mọ àwọn ọmọ tí inú ń run nílé. Ọmọ tèmi wà nínú wọn. Mo dúró nínú omi yẹn, mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà mo gbé ohùn mi sókè débi tí ẹyẹ fi fò lórí igi, mo ní, “Ejò ń gbọ́ràn! Èmi Àmọ̀ó ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Ó ń gbọ́ràn jù ọ́ lọ!”

Lẹ́yìn náà, láti abẹ́ ilẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi, mo gbọ́ ohùn kan tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò, ó ní, “Irọ́ ni! Irọ́ lo pa! Etí wo ló fi ń gbọ́?”

Inú ọ̀fìn ló wà, irú èyí tí àwọn ọdẹ àtijọ́ máa ń gbẹ́ de erin, tí koríko ti bò lójú. Ó ti bọ́ sí àárín òpó ṣóńṣó méjì, Ọlọ́run Ọba ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, omi sì ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ létí ọ̀fìn, mo na ọwọ́ sí i. Kò tó. Mo ní, “Kí ló dé tí o kò dáhùn?”

Ó ní, “Ìwọ lo ní a kì í dáhùn.”

“Ṣé o fẹ́ kú nítorí pé mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo ti gbà fún ọ, àbí n kò gbà?”

“Ta ní kí o gbà? Òmùgọ̀!”

“Òmùgọ̀ ni bàbá tó kọ́ ọ láti fi ewé dí ọ̀nà!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti kí mi ní kíkí oríṣiríṣi láyé yìí. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó èébú yẹn.

Mo gé okùn igbó, mò ń so ó mọ́ igi, nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo yí ojú padà. Baba Elétí dúró lẹ́yìn mi, etí rẹ̀ ń gbọ̀n bí aṣọ tó wà lórí okùn. Ó ní, “Mo gbọ́ ‘irọ́ ni.’ Mo gbọ́ ‘òmùgọ̀.’ Mò ń padà lọ jókòó.” Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó wá sí mi lẹ́nu. Inú ọ̀fìn ni ohùn ti wá. Adéṣuyì ní, “Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Kí ẹ tó lọ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fa okùn yìí. Apá ọ̀rẹ́ mi kò ká a, ó ti ń dàgbà.”

Mo dijú, mò ń dúró de ikú. Nígbà tí mo là á, iwin náà ń wo okùn. Ó jọ pé láti ọjọ́ tó ti wà nínú igbó, àwọn ènìyàn ti dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ti sá fún un, ẹnì kan kò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó bá òun fa nǹkan. Ó fi ìka kan kọ́ okùn, ó fà á, Adéṣuyì sì gòkè bí ẹja.

Adéṣuyì jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní, “Bàbá, ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án tí ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí n sọ ni pé, kì í ṣe ariwo ni ìṣòro yín. Ẹ kò rí nǹkan fi di etí ni. Àmọ̀ó, mú òwú inú àpò rẹ wá.” Òwú àràbà tí a fi ń di ẹnu ìbọn ló ń sọ. Ó kún inú àpò mi, ó sì gbẹ, nítorí mo ti gbé àpò náà kọ́ ọrùn. Mo wo iwin náà. Etí rẹ̀ fẹ̀ tó ewé kókò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ kò ju ihò tí ìka àtàǹpàkò lè wọ̀ lọ.

Mo ní, “Kó kọ́kọ́ búra.”

Adéṣuyì ní, “Ìbúra wo? Di etí fún bàbá arúgbó.”

“Bí a bá ti di í, kò ní í gbọ́ ìbúra mọ́. Kó fi eyín kan irin ìbọn, kó ní títí ayé òun kò ní í jókòó lé odò Ẹ̀lú. Iwin kì í yẹ̀ lórí irin.”

“Kí ni irin fẹ́ ṣe fún un? Ṣé kò ní eyín tó dára tẹ́lẹ̀ ni?”

“Adéṣuyì, mo ní kó búra!”

“Mo ní kí o di etí!”

Baba Elétí kúnlẹ̀ láàrin wa. Bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀, ó di etí mú, ó ń bẹ̀ wá. Ó ní òun yóò búra, òun yóò fi eyín kan irin, òun yóò jẹ irin náà tí a bá fẹ́, kí a ṣáà ti dákẹ́. Ó fi eyín kan ẹnu ìbọn mi, ó búra. Àmì eyín náà wà lára ìbọn yẹn títí di òní, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́, ẹ wọlé lọ wò ó. Lẹ́yìn náà mo di etí rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Omi ojú bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó sí ìdí igi kan níbẹ̀ gan-an, kí a tó ka ẹẹ́wàá ó ti sùn.

Mo pọ̀n Adéṣuyì wálé. Ọjọ́ mẹ́ta ni, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lórí ẹ̀yìn mi ló ti ń sọ fún mi pé bàbá arúgbó kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ pa tì ni a pàdé, pé ó sanra, pé etí rẹ̀ wú. Mo ní iwin ni. Omi odò Ẹ̀lú ti ṣáájú wa dé ilé. Nígbà tí Baálẹ̀ bi wá léèrè ohun tó dì í, mo ní iwin, ó ní bàbá arúgbó. Baálẹ̀ ní, “Mo ti mọ̀ pé n kò ní í rí ìdáhùn kan gbà.” Bí ẹ ṣe ń rí Adéṣuyì tó ń tiro, ọ̀fìn ọjọ́ náà ni.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni a tún fi jọ gbé lẹ́yìn ìyẹn. A kò tún gbà fún ara wa mọ́. Òun ní ìlànà tirẹ̀, mo ní tèmi, a sì ń kà á lára ara wa bí ẹni ń ka ìwé. Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé ọ̀rẹ́ ni ẹni tó bá ń mi orí sí gbogbo ohun tí a bá sọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò ní kí ọgbọ́n méjèèjì jẹ́ ọ̀kan.

Ní oṣù tó kọjá, ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, mo jókòó tì í. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó ní, “Àmọ̀ó, bàbá arúgbó ni.”

Mo ní, “Iwin ni.”

Ó ní, “Ejò ńkọ́?”

Mo ní, “Ó ń gbọ́ràn.”

Ó ní, “Irọ́ ni.” Ó yí ojú sí ògiri. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ewé tí mo fi lélẹ̀ lánàá ńkọ́? Ojú ọ̀nà tó padà wá sílé ni mo fi í sí. Ẹ̀yin tí Adéṣuyì kọ́ níṣẹ́ kà á bí ó ti kọ́ yín, ẹ ní mò ń pe òkú padà sílé. Ilé bàbá mi ni mo ti kọ́ tèmi: mo ti ìlẹ̀kùn ilé, mo fi ọ̀nà tó ń lọ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Adéṣuyì sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé òkú kì í rìn. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, ewé lásán ni, ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́. Bí tèmi bá jẹ́ òótọ́, yóò tiro dé oríta yẹn, yóò rí ewé náà, yóò sì ní, “Àmọ̀ó nìyí, kò yí padà.” Yóò bú bàbá mi díẹ̀, yóò gba ọ̀nà kejì, kò ní í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í lélẹ̀ bíi ti ilé bàbá rẹ̀, yóò dúró síbẹ̀ ni, nítorí kò ní í mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

Ìtàn mi kò jù báyìí lọ. Ẹni tó kùn lánàá, ó yá, dìde. Bí o bá ṣì rò pé mo ṣìṣe, sọ ọ́. Mò ń gbọ́ ọ.